Oṣù mẹ́sàn-án nínú ètò ìtọ́jú ọmọ tí ó sanra jù: ohun tí ó ṣiṣẹ́ àti ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó

Ètò tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ètò ìtọ́jú olóṣù mẹ́sàn-án tí ilé ìwòsàn kan ṣe fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí ọdún méjìlá tí ìwọ̀n ara wọn pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Èmi àti àbíkẹ́yìn mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ni a jọ wọ̀ ọ́. Ìpàdé méjìlá ló wà ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀kan lọ́sẹ̀, wákàtí kan àbọ̀ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, a ń lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún oṣù mẹ́fà. Bí a bá ṣírò rẹ̀, wákàtí 27 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo mẹ́nu ba iye wákàtí nítorí pé òun ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí òbí béèrè kó tó fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ níbikíbi. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2023 dámọ̀ràn wákàtí 26, ó kéré tán, tí a óò fi ojúkojú bá ọmọ àti òbí rẹ̀ ṣiṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta sí oṣù méjìlá. Ẹni tó bá ní ìpàdé méjì péré àti ìwé pélébé kan tó to àwọn oúnjẹ tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ ti tó, ẹni náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọrùn ọmọ náà ló gbé wa débẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dúdú ju ara tó kù lọ, ó sì rí lọ́wọ́ bí aṣọ àrán, bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ bó o fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí mo ń bá a wí pé kì í wẹ̀ dáadáa. Omijé a máa bọ́ lójú rẹ̀ bí mo bá ti ń fọ̀ ọ́, èmi náà a sì tún tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wo ọrùn náà, ó wò mí, ó ní, “Mà, ẹ má bó o mọ́. Kì í ṣe ìdọ̀tí.” Ó ṣàlàyé pé bí ara kò bá gbọ́ràn sí insulin, èròjà inú ara tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́nu mọ́ bó ti yẹ, ara a máa tú u jáde lọ́pọ̀ láti fi dí àlàfo náà, àpọ̀jù insulin yìí ló sì ń mú kí awọ nípọn kó sì dúdú ní ọrùn àti ní abíyá. Àmì pé ọ̀nà àtọ̀gbẹ ti là sílẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà kò tíì rìn ín. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀, ó béèrè bóyá ọmọ ń hanrun lóru, ó béèrè bóyá ó ti lo oògùn steroid rí fún ìgbà pípẹ́, ó sì wọn gíga rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ọmọ tí àìsàn họ́mónù bá mú sanra sábà máa ń kúrú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Tiwa kò kúrú. Mo gbóríyìn fún wọn gidigidi lórí abala yìí, nítorí pé wọ́n yẹ ọmọ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Kílò 46 ni ìwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ náà, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.35. Èmi tí mo ti ń kàwé kiri kí a tó lọ ti ṣe ìṣirò rẹ̀ nílé: a fi gíga pín ìwọ̀n ara, a tún fi gíga náà pín èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun tó sì jáde jẹ́ 25.2. Nítorí mo mọ̀ pé 25 ni àgbàlagbà ti ń kọjá ààlà, àti pé ó di 30 kí a tó pè é ní àsanjù, mo sọ lọ́kàn mi pé ohun tó fi lé kò ju bíńtín lọ. Àṣìṣe gbáà ni. Òǹkà àgbàlagbà kò wà fún ọmọdé, nítorí pé ara ọmọ ń yí padà lọ́dọọdún. Àtẹ ni a fi ń wo tiwọn, èyí tó ń fi ọmọ wé àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn bára mu, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Nọ́ọ̀sì tẹ́ àtẹ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe lọ́dún 2007 fún ọmọ ọdún márùn-ún sí ọdún mọ́kàndínlógún síwájú mi, ó fi bírò tọ àwọn ìlà rẹ̀, mo sì rí i pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ní 25 ti fo ìlà ẹni tó sanra díẹ̀, ó ti fo ìlà àsanjù pẹ̀lú, ó sì ti rìn jìnnà sí i. Ohun kejì tó sọ ló mú mi mí kanlẹ̀: kì í ṣe dandan pé kí ọmọ náà rù. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró sójú kan, tàbí tó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ nígbà tí gíga rẹ̀ ń yára, òǹkà náà yóò máa wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọn kò fi ebi pa ọmọ kankan níbẹ̀, wọn kò sì ka kálórì mọ́ ọmọ lẹ́nu.

Ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n ni mo ní ẹjọ́ sí. Inú gbọ̀ngàn ni wọ́n gbé òṣùwọ̀n sí, àwọn ọmọ tò tẹ̀lé ara wọn, ẹni tó ń wọ̀n wọ́n a sì pe òǹkà sókè kí ẹni tó ń kọ ọ́ lè gbọ́. Ọmọ mi fi ọwọ́ méjèèjì fa ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó sì bọ́ aago kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àfi bí ẹni pé ìwọ̀nba èyí lè gbà á sílẹ̀; nígbà tí wọ́n sì ké “mẹ́rìndínláàádọ́ta”, ó bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tó gbọ́. Iṣẹ́ tó ní òun fẹ́ kí ọmọ rí ara rẹ̀ bí ẹni iyì kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Àwa òbí mẹ́rin la kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì gbọ́: láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n ti gbé òṣùwọ̀n wọ yàrá, tí ọmọ sì lè kọ ẹ̀yìn sí òǹkà bó bá wù ú. Àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó tò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò padà wá mọ́, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe nítorí ọjọ́ náà.

Ohun tó mú kí n dúró ni pé àwa òbí ni wọ́n dojú kọ, wọn kò gbé ẹrù náà lé ọmọ lórí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé fóòmù ibùsùn rẹ̀ láti pààrọ̀ aṣọ tó wà lórí rẹ̀, mo sì bá ọ̀rá bisikíìtì mọ́kànlá láàárín fóòmù àti igi, ó ká ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mẹ́rin, ó sì tò wọ́n létòlétò. Mo kó wọn sínú àpò, mo gbé wọn lọ sí ìpàdé bí ẹni tó ń gbé ẹ̀rí lọ sí kóòtù. Onímọ̀ oúnjẹ tó ń darí wa kò wo ọmọ rárá. Ó ní, “Mà, ta ló rà wọ́n wọlé?” Mo ní èmi ni. “Ibo lẹ kó wọn sí?” Mo ní inú kọ́bọ́ọ̀dù ni, mo sì tì í pa. “Ó jẹ́ pé ọmọ yìí ti mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.” Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí díẹ̀. Àlàyé tó tẹ̀lé e ni pé ohun tí a bá kó sílé tí a sì tì pa ni ọkàn ọmọ ń rò ṣáá. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, yóò jẹ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, yóò jẹ ẹ́ kíákíá kí ẹnikẹ́ni má baà bá a lẹ́nu rẹ̀, yóò sì jẹ ẹ́ kọjá ibi tí inú rẹ̀ ti kún.

Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ni èyí tí Ellyn Satter, onímọ̀ oúnjẹ kan ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀, tó pín iṣẹ́ ìdí oúnjẹ sí méjì: òbí ni yóò yan ohun tí a óò jẹ, ìgbà tí a óò jẹ ẹ́ àti ibi tí a óò ti jẹ ẹ́, ọmọ ni yóò sì pinnu bóyá òun yóò jẹ nínú rẹ̀ àti iye tí yóò tó òun. Ó rọrùn létí, ó ṣòro lọ́wọ́. Ìdàkejì rẹ̀ gan-an là ń ṣe nílé wa: ọmọ ló ń yan ohun tí à ń jẹ, nítorí pé ẹkún rẹ̀ ti sú wa, èmi ni mo sì ń yan iye, nítorí pé n kò lè wo oúnjẹ nínú àwo kí n gbé e dànù. “Jẹ ẹ́ tán” ni mo máa ń wí lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ti àwo sẹ́yìn. Bí onímọ̀ oúnjẹ náà ṣe sọ ọ́, inú ọmọ ti sọ fún un pé ó tó, èmi sì ń kọ́ ọ pé kó má gba inú ara rẹ̀ gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju gbogbo ohun tí wọ́n bá mi sọ lọ, nítorí pé òótọ́ ni.

Àdéhùn tí a tọwọ́ bọ̀ kò pọ̀. Oúnjẹ mẹ́ta àti ìpápánu méjì lójúmọ́, ní àkókò tí gbogbo ilé mọ̀, lórí tábìlì, láìsí tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù. Ohun tí a kò fẹ́ kó máa jẹ lójoojúmọ́, a kò rà á sílé mọ́. Bó bá wù wá, gbogbo wa la jọ ń jáde lọ jẹ ẹ́, ní gbangba, a sì ń jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀. Bàbá rẹ̀, tó máa ń jẹ tirẹ̀ lóru lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sùn, ni òfin náà kọ́kọ́ ni lára jù.

Ìpàdé kẹrin dá lórí ohun mímu. Wọ́n gbé agolo ẹlẹ́rìndòdò kan tó gba mílílítà 330 kalẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ ka iye ṣúgà tó wà lára rẹ̀, kó sì fi ṣíbí kékeré bu ṣúgà sínú gíláàsì títí yóò fi pé iye náà. Gíráàmù 35 ni. Ó bu ṣíbí kan, ó bu méjì, nígbà tó di ẹ̀karùn-ún ó wo ojú mi, ó rò pé òun ti ṣi òǹkà kà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di mẹ́sàn-án kó tó pé. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2015 ni pé kí agbára tí ènìyàn ń rí nínú ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ, àti ṣúgà inú oyin àti omi èso, má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo agbára tó ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Fún ọmọ tó ń jẹ nǹkan bíi kálórì 1,600 lójúmọ́, gíráàmù 40 ni ìyẹn, agolo kan ṣoṣo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lọ kó tó fi nǹkan mìíràn kan ẹnu. Mo fẹ́ fi omi èso gbèjà ara mi, nítorí pé òun ni mo ń dì sínú àpò ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n ní kí n ka ti ara páálí rẹ̀ fúnra mi: ṣúgà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín. Èso gan-an kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn. Ó gba jíjẹ lẹ́nu, ó sì ń kún inú. Omi àti mílíìkì tí kò ní ṣúgà nìkan ló kù nílé wa lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ mẹ́wàá la fi jà lórí rẹ̀, ìjà náà sì parí.

Èyí tí mo fẹ́ kí òbí ṣọ́ra fún ni áàpù tí wọ́n so mọ́ ètò náà. Ó pín oúnjẹ sí àwọ̀ mẹ́ta bí iná ojú títì: àwọ̀ ewé fún èyí tí a lè jẹ fàlàlà, àwọ̀ ìyeyè fún èyí tí à ń jẹ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, pupa fún èyí tó yẹ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èrò náà ti pẹ́, ó sì ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Leonard Epstein àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lò ó nínú ìtọ́jú ìdílé, àbájáde tí wọ́n sì tẹ̀ jáde lọ́dún 1990, lẹ́yìn tí wọ́n ti tọ àwọn ọmọ náà lẹ́yìn fún ọdún mẹ́wàá, fi hàn pé àwọn tí wọ́n tọ́jú tòbí-tọmọ ló jàǹfààní jù. Ó wúlò fún èmi náà bí mo bá ń ra nǹkan. Àmọ́ ìwé tí wọ́n pín fún wa ní kí ọmọ máa fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ohun tó jẹ sínú rẹ̀ lálaalẹ́, áàpù a sì kun ọjọ́ náà ní pupa bí pupa bá pọ̀. Kò pẹ́ tí a pè é síbi ọjọ́ ìbí ọmọ kíláàsì rẹ̀, wọ́n gé kéèkì fún un, ó sì gbé e sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo béèrè ìdí, ó ní òun kò fẹ́ kí fóònù pọ́n. Mo pa áàpù náà rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò lè jẹ kéèkì láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì rí ìwòsàn. Ẹ̀rù mìíràn ni a dì fún un. Nígbà tí mo gbé e lọ síwájú wọn, wọ́n gbà pé òbí ni áàpù wà fún, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé wọn kò tíì yí padà títí a fi parí.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn ìpàdé tó kù. Wọ́n kọ́ wa pé ẹ̀fọ́ tí ọmọ kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kì í ṣe ẹ̀fọ́ tó kórìíra; ó lè tó ìgbà mẹ́wàá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a óò gbé ìwọ̀nba díẹ̀ síwájú rẹ̀ láìfipá mú un kó tó mọ́ ọn lẹ́nu. Ìgbà keje ni tiwa tó tẹ́nu gba ẹ̀fọ́ kan, èkejì ṣì wà lórí àwo. Wọ́n ní kí eré tó ń mú ọmọ mí gúlegúle tó wákàtí kan lójúmọ́, bí a bá pín in dọ́gba láàárín ọ̀sẹ̀. Eré sísá àti bọ́ọ̀lù ni wọ́n sì fi ń ṣe é, kò jọ ìyà rárá. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá nílò oorun wákàtí mẹ́sàn-án sí méjìlá, pé ọmọ tí kò sùn tó ni ebi máa ń pa jù. A gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò nínú yàrá rẹ̀. Ó bínú fún ọjọ́ méjì.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n tẹ́ pẹpẹ lé jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa pè é ní “orobo”, gbogbo wa a sì máa rẹ́rìn-ín, òun náà a bá wa rẹ́rìn-ín. Ní ìpàdé kẹjọ, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kọ orúkọ tí wọ́n kò fẹ́ gbọ́ mọ́ sínú ìwé kékeré láìkọ orúkọ ara wọn sí i. Mo mọ ìkọ̀wé ọmọ mi. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ara ẹlòmíràn nídìí oúnjẹ wa, bóyá ti ẹni tó sanra ni o, bóyá ti ẹni tó rù ni. Kódà èmi kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ di ikùn ara mi mú níwájú dígí kí n máa kẹ́dùn. Èyí tó kẹ́yìn yìí le fún mi ju fífi ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀ lọ.

Àbùkù tó tún kù ni ti àkókò. Agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni ìpàdé, ọmọ sì ní láti kúrò ní kíláàsì, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì béèrè ibi tó ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni bàbá rẹ̀ ráyè wá nínú ìpàdé méjìdínlógún, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti sọ ọ́ fún wa lọ́jọ́ kìíní pé ilé tí òbí kan ń tún un ṣe tí èkejì kò mọ̀ sí i, àtúnṣe rẹ̀ kì í pẹ́. Ìpàdé oṣooṣù pàápàá kò lágbára tó ti ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Oṣù kan pọ̀ jù fún ilé tó ti fẹ́ padà sí ìwà àtijọ́. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fún wa láti máa pè láàárín ìpàdé kan sí èkejì, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹnì kan gbé e.

Ní òpin oṣù kẹsàn-án, ọmọ mi wọn kílò 47, ó sì ga ní mítà 1.39. Òǹkà tó jẹ́ 25.2 ti di 24.3. Ẹni tó bá ń wá ìyanu yóò ní kò sí nǹkan níbẹ̀, nítorí pé ó ṣì wà lókè ìlà. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́sàn-án, kílò kan péré ló fi kún un, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sì ló fi ga, ohun tí nọ́ọ̀sì ní kí a máa retí gan-an sì nìyẹn. Dúdú ọrùn rẹ̀ ti ń ṣí, kò tíì lọ tán. Ó ń gun àtẹ̀gùn ilé láìdúró lágbedeméjì. N kò bá ọ̀rá kankan lábẹ́ fóòmù mọ́ láti oṣù kẹrin, n kò sì wá a mọ́ báyìí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó bu oúnjẹ fúnra rẹ̀, ó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, “Màmá, ó ti tó mi.” Ẹnu mi ti là láti wí ohun tí mo máa ń wí, mo pa á dé.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, n óò ní kó lọ, kó mú ìwé àtẹ ìdàgbàsókè ọmọ rẹ̀ dání, kó béèrè ibi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ kó tó wọlé, kó sì fi áàpù sílẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀ nìkan. Òbí tí ọmọ rẹ̀ bá ń bì oúnjẹ jáde ní ìkọ̀kọ̀, tàbí tó ń fi ebi pa ara rẹ̀, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ ọ́, nítorí pé ètò yìí kò wà fún ìyẹn. Wọ́n kọ̀wé sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn fẹ́ dán ìpàdé ọjọ́ Sátidé wò fún àwọn tó bá fẹ́ tẹ̀síwájú. Bàbá rẹ̀ ló dáhùn ìwé náà, òun ni yóò sì mú un lọ.